Nínú Ìwé Ìnáwó Ilé, Níbo Ni A Kọ Owó Ìsoríkọ́ Sí?

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí gírámà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn, alágbẹ̀dẹ kì í sì í rí irin lójú ọ̀nà kí ó má bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Bí ibà bá mú ọmọ Yorùbá, ohun tí yóò wí ni pé, “Ibà ń ṣe mí.” Bí kò bá tíì jẹun, ebi ni ó ń pa á. Bí ó bá ti oko dé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Òtútù a mú un, òùngbẹ a gbẹ ẹ́, inú a run ún, orí a fọ́ ọ. Ẹ wò ó dáadáa: nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, ènìyàn kọ́ ni olùwà, àbọ̀ ni. Ohun kan ti ibì kan wá, ó sì ṣe ènìyàn. Kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọkàn ni àìsàn náà bá, gbólóhùn a yí padà. “Mo sorí kọ́.” “Mo rẹ̀wẹ̀sì.” Ènìyàn fúnra rẹ̀ ti di olùwà, àfi bí ẹni pé òun ni ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé orí ara rẹ̀ kọ́. Ohun tí a bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, wọ́n lè pàṣẹ fún wa pé kí a má ṣe é mọ́. Ìdí nìyí tí “Má rẹ̀wẹ̀sì” fi wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, láti orí àga ìwàásù títí dé ibùdókọ̀. N kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti wí fún ẹni tí ibà ń gbọ̀n pé kí ó má gbọ̀n mọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò ti máa nawọ́ báyìí pé, “Sà, a máa ń sọ pé ‘mo ń ṣàìsàn’ náà.” Òótọ́ ni. A sì máa ń sọ pé “ìrẹ̀wẹ̀sì bá a,” a ń sọ pé “ayé sú u.” Èdè kò ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, àwa ni a yan ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọlé. N kò sì ní sọ fún yín pé gírámà ni ó ń pàṣẹ ìwà fún ènìyàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn ti dá àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lẹ́jọ́ pẹ́. Ohun tí mo ń wí kò jù báyìí lọ: bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àìsàn yìí àti bí a ṣe ń náwó lé e lórí bá ara wọn mu. Nínú ilé tèmi ni mo ti rí i.

Ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí ìyàwó mi ń kọ ìnáwó ilé wa sí. Bí ẹ bá ṣí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ẹ ó rí gàárì, ìrẹsì, epo pupa, gáàsì, owó iná, owó ọkọ̀, owó ilé ẹ̀kọ́, owó ìjọ, àti ìlà kan tí a kọ “ibà” sí, nítorí pé ọmọ mẹ́ta ni a bí, kò sì sí oṣù tí ibà kì í yà kí wa. Ohun tí ó ń ṣe ènìyàn ní ìlà tirẹ̀. Ohun tí ènìyàn ń ṣe fúnra rẹ̀ kò ní.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún náà ni ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. A rò pé oṣù kan ni. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni, títí di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, ìjọba sì ti fi ọwọ́ lé owó oṣù wa pé ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹun. Ẹni tí ó jàre àti ẹni tí ó jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Iṣẹ́ àti ìṣẹ́, ohùn orí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ní ìyàtọ̀ ohùn, kí ó tó di pé àpẹẹrẹ náà dìde kúrò lójú pátákó, tí ó tẹ̀lé mi wálé.

Ìyàwó mi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Owó tí wọ́n ń san fún un, bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹ ó ní irọ́ ni mo ń pa. Òun náà ni a fi jẹun. Ẹran di ẹja, ẹja di pọ̀nmọ́, pọ̀nmọ́ di ẹyin tí a là sí méjì. Mo gbé ọkọ̀ dúró sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi ọ̀dà bò ó. Àwọn ọmọ kò sọ nǹkan kan, èyí tí ó burú ju kí wọ́n ráhùn lọ.

Nígbà tí ó fi máa di oṣù Agẹmọ, oorun ti kúrò lójú mi. Aago mẹ́ta òru ni mo ń jí, n ó sì jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èmi tí mo ń fi ìwé kíkà sinmi, mo ń ka ìpínrọ̀ kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kò wọlé. Oúnjẹ kò ládùn. Ọmọ mi kékeré a máa ṣe bí olórí ẹ̀ka wa ṣe ń rìn, ohun tí ó máa ń mú mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Mo ń wò ó bí ẹni tí ń wo ìgànná. Ìwẹ̀ di iṣẹ́ ńlá. Mo sì dá mi lójú pé èmi ni mo ba ayé ìyàwó mi jẹ́, pé kì bá sàn kí n má sí.

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ohun tí ó ń ṣe mí. Ìrònú owó ni. Màámi wí bẹ́ẹ̀ láti orí fóònù: “Àkànní, fara balẹ̀. Owó á dé, gbogbo ẹ̀ á tán.” Ọ̀rẹ́ mi kan pa òwe fún mi pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Èmi fúnra mi gbà á gbọ́, nítorí náà n kò wá ìwòsàn kankan. Àìsàn tí owó oṣù yóò wò, kí ni dókítà fẹ́ ṣe sí i?

Owó dé. Ní oṣù Bélú ni fóònù mi dún, owó oṣù wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò pé rárá, owó ọjọ́ díẹ̀ tí a fi ṣiṣẹ́ ní oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n ṣírò fún wa, ṣùgbọ́n owó ni. Ìyàwó mi pariwo ayọ̀ láti ilé ìdáná. Mo ń wo iye tí wọ́n kọ sójú fóònù náà bí ẹni pé nọ́ńbà ọkọ̀ ẹlòmíràn ni. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Bí kì í bá ṣe owó, kí wá ni?

Mo gbà pé àìlówó lè ti ènìyàn sínú ìsoríkọ́. Àìlówó lọ́wọ́ ni baba ìjayà, àwọn tí ó wí i kò purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ènìyàn sínú kànga kọ́ ni yóò fà á jáde. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin àwa tí owó kò tó nìyí: a rí ohun tí ó fa àìsàn náà kedere, a sì rò pé ohun tí ó fà á nìkan ni oògùn rẹ̀. Olówó tí ìsoríkọ́ bá ṣe, àwọn ẹbí rẹ̀ yóò tètè mọ̀ pé àìsàn ni, nítorí pé wọn kò rí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí inú rẹ̀ bàjẹ́. Tálákà ní ìdí púpọ̀ jù. Ìdí náà ni ó ń bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìyàwó mi ni ó mú un wá sí òpin. Ó ní, “Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó mọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn.” Mo bi í pé owó dà. Ó lọ mú ìwé ìnáwó wá, ó ṣí i, ó fi ìka sí ìlà ibà. “Nígbà tí ibà ṣe àbíkẹ́yìn wa ní oṣù tó kọjá, ẹ ò bi mí pé owó dà.”

Ọmọdébìnrin ni dókítà náà, ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ó bi mí nípa oorun, nípa oúnjẹ, nípa ohun tí ó máa ń dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí, ní pẹ̀lẹ́, bóyá mo ti ronú pé kí n kú. Mo wo ìyàwó mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òwe kan wà tí a kì í jẹ́ kí ó sinmi, pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó lè dára fún ọba tí ogun ká mọ́ ààfin. Ẹni tí ó jẹ alárobọ̀ ní gbèsè ìrẹsì kò ní ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, mo sì fẹ́ kí àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní òwe máa sọ ìyẹn fún wọn pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí mo dúpẹ́ rẹ̀ jù lọ́wọ́ dókítà yẹn ni pé ó bèèrè iye tí a lè san lóṣù kí ó tó mú kálámù. Amitriptyline ni ó kọ fún mi, oògùn àtijọ́ tí kò wọ́n, tí ó wà lórí àkójọ àwọn oògùn kòṣeémànìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó ní àléébù tirẹ̀. Ẹnu mi ń gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀. Ẹ fojú inú wo olùkọ́ tí ó fẹ́ pe kọ́ńsónáǹtì fún igba ọmọ pẹ̀lú ahọ́n tí ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ó sì léwu bí ènìyàn bá lò ó jù, nítorí náà ìyàwó mi ni dókítà ní kí ó máa tọ́jú rẹ̀, kí ó máa ka á fún mi lálaalẹ́. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí a tó rí iṣẹ́ rẹ̀, àti pé bí ara bá ti yá tán, n ó ṣì máa lò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí i. Ìlà tuntun wọ inú ìwé wa.

Ìlà náà kò pẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, oorun ti padà, mo ti ń rẹ́rìn-ín, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta sì wọlé dé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gba kálámù lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo fa igi lórí oògùn mi. Ara mi ti yá, àbí? Láàrin ọjọ́ díẹ̀ orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, èébì ń gbé mi, oorun tún sá. Kí oṣù Èrèlé tó parí, mo ti padà sí ẹsẹ̀ ibùsùn ní aago mẹ́ta òru. Ẹ ó rántí oṣù náà. Ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà ni, tí ti àtijọ́ ti kúrò nílẹ̀, tí tuntun kò sì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, tí àwọn oní-POS ń ta owó bí ẹni ń ta iṣu. Owó oògùn wà ní báńkì, kò sí lọ́wọ́. Mo fẹsẹ̀ rìn kiri ilé ìtajà oògùn mẹ́ta kí n tó rí èyí tí ó gbà kí n fi fóònù sanwó.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n wí èyí láìfi igbá kan bo ọ̀kan nínú: bí owó bá wọ́n, oògùn ọkàn kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí a ń yọ. Bí ó bá di dandan kí a dá a dúró, ọ̀dọ̀ dókítà ni a ń padà lọ, kí ó lè dín in kù díẹ̀díẹ̀. A kì í fi kálámù fa igi lé e.

Láti ìgbà yẹn ni a ti gbé ìlà náà kúrò ní ìsàlẹ̀ ìwé, a gbé e sí abẹ́ gàárì, ṣáájú dátà, ṣáájú owó iná. Ohun tí ó bá kù lẹ́yìn rẹ̀ ni a ń pín. Ibo ni owó náà ti wá? Aṣọ ẹbí ni mo kọ́kọ́ mú. Ọdún kan gbáko, n kò ra aṣọ ẹbí kankan, ìbáà ṣe ìnáwó ọ̀gá mi. Wọ́n sọ̀rọ̀. Iye tí wọ́n ń béèrè fún léèsì kan ṣoṣo ju oògùn oṣù púpọ̀ lọ, ẹ sì lè dán ìṣirò náà wò nínú ilé tiyín. Lẹ́yìn èyí, àwa mẹ́fà kan ní ẹ̀ka wa dá àjọ. Nígbà tí ó kàn mí, oògùn oṣù mẹ́ta ni mo fi rà. Ọgbọ́n yẹn gbè mí. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà fún lítà kan ti lé ní 600 kí oṣù Agẹmọ tó parí, gbogbo nǹkan sì bá a gòkè. Oògùn tèmi ti wà nínú àpótí.

Sọ́gùndógójì nìkan ni n kò fọwọ́ kàn. Àwọn baba wa mọ orúkọ sọ nǹkan: owó tí ó ń sọ ogún di ogójì. Ti ayé òde òní wà nínú fóònù, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi ń yá ènìyàn lówó, bí ọjọ́ bá sì pé láìsan, wọ́n a máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀sín ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ onígbèsè, títí kan àna rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Ó sàn kí ó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun tí ó ṣòro jù kì í ṣe owó oògùn, owó ọkọ̀ ni. Bí oògùn bá jẹ́ náírà kan, ìrìn àjò lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lè jẹ́ méjì, kí a má tíì sọ ọjọ́ iṣẹ́ tí ìyàwó mi sọnù. Èyí ni mo fi ń rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní ọdún 1954, kò kó àwọn aláìsàn sínú àgọ́ olódi. Àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká ni ó fi wọ́n wọ̀ sí, nínú yàrá tí àwọn àgbẹ̀ fi háyà, mọ̀lẹ́bí kan a tẹ̀lé aláìsàn wá láti máa dáná fún un, aláìsàn a máa lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ, a sì padà sáàrin ènìyàn. Wọ́n máa ń yìn ín nítorí pé ó bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yìn ín. Ní tèmi o, ohun tí mo máa ń rí ni ìṣirò owó: ọkùnrin náà mọ̀ pé àpò ẹbí wà lára àìsàn. Ní ọdún 2011, Aro kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn bí wọ́n ṣe lè tọ́jú irú àìsàn yìí ní ìtòsí ilé. Ọ̀nà yẹn ni kí ìjọba ìpínlẹ̀ gbogbo ná owó sí, kí adójútòfò ìlera wọn sì máa san owó oògùn ọkàn bí ó ti ń san ti ibà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin àwọn òyìnbó amúnisìn tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń pe aláìsàn ní wèrè. Inú mi dùn sí i. Òfin kì í sanwó ọkọ̀.

Mo tún ń gbàdúrà, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Mo ń rìn lówùúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kò ná mi ní kọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá wí pé ayé sú òun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a lóhùn pé kí ó má rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ jókòó tì í. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn máa ṣọ́ oògùn àti ohun olóró tí ó wà nínú ilé.

Ní ọdún Àjíǹde tó tẹ̀lé e ni Màámi wá kí wa. Ó rí i tí ìyàwó mi ka oògùn sí mi lọ́wọ́ lálẹ́. Nígbà tí ó ku àwa méjì, ó ní, “Àkànní, kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?”

Mo ti fẹ́ wí pé mo kàn rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀ ni. Mo dá ara mi dúró.

“Ìsoríkọ́ ń ṣe mí, Màámi.”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń yí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ẹni tí ó kọ́kọ́ tọ́ nǹkan wò. “Wọ́n ń ta oògùn ẹ̀?”

“Wọ́n ń tà á, mà.”

Ó na ọwọ́ sí ìdí aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó tí ó ń di owó sí. “Èló ni?”